Ẹni Tó Dúró Létí Ìlà

Lọ́dún 1996, kí ìdíje bọ́ọ̀lù Olympic tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n hú ọgbà igi tó wà létí pápá Sanford nílùú Athens, ní ìpínlẹ̀ Georgia lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Yunifásítì Georgia ló ni pápá náà. Bọ́ọ̀lù tiwọn, èyí tí wọ́n ń fọwọ́ gbá mọ́ra sá, ni wọ́n kọ́ ọ fún, ọgbà igi yẹn sì jẹ́ ohun tí wọ́n fi ń yangàn. Àmọ́ pápá bọ́ọ̀lù tiwọn tẹ́ẹ́rẹ́. Ìbú rẹ̀ kò ju nǹkan bíi mítà 49 lọ. Pápá tí wọ́n fi ń gbá bọ́ọ̀lù àfẹsẹ̀gbá nínú ìdíje ńlá máa ń tó mítà 68. Igi ní láti kúrò kí ilẹ̀ tó lè fẹ̀. Orí ilẹ̀ tí wọ́n fẹ̀ yìí ni Nàìjíríà ti fi ayò mẹ́rin sí mẹ́ta lu Brazil lọ́jọ́ 31 oṣù Keje. Ibẹ̀ náà la ti lu Argentina ní mẹ́ta sí méjì lọ́jọ́ 3 oṣù Kẹjọ, tí àmì ẹ̀yẹ wúrà fi di tiwa.

Bí àwa ará Ketu nílùú Èkó bá ń jiyàn bọ́ọ̀lù, nọ́ńbà la máa ń pè síra wa: 4-4-2, 4-3-3, 3-5-2. Nọ́ńbà wọ̀nyí ń sọ iye ẹni tó wà lẹ́yìn, iye ẹni tó wà láàárín àti iye ẹni tó wà níwájú. Wọn kì í sọ ìbú. Bẹ́ẹ̀, ní tèmi o, ìbú ni ìtò ìkọlù èyíkéyìí ń wá. Ohun tó ń mú kí ayò ṣòro jẹ ni pé àárín ni gbogbo àwọn tó ń ṣọ́ ẹ̀yìn máa ń rọ́ sí, àárín náà sì ni ilé wà. Akọ́nimọ̀ọ́gbá tó gbọ́n ni ẹni tó mọ bí a ṣe ń tàn wọ́n kúrò níbẹ̀. Ẹni tó dúró létí ìlà, tí bọ́ọ̀lù lè má dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, kò ṣọ̀lẹ. Ó ti mú ẹnì kan kúrò láàárín.

Ẹ wọ ilé ìwòran bọ́ọ̀lù èyíkéyìí láàárín Demurin sí Ikosi Road lọ́jọ́ Sátidé. Wọ́n á ti fi ṣọ́ọ̀kì kọ orúkọ ẹgbẹ́ méjèèjì àti aago tí eré máa bẹ̀rẹ̀ sára pátákó lẹ́nu ọ̀nà. Jẹnẹrétọ̀ á ti máa dún lẹ́yìnkùlé. Àwọn tó ti Mile 12 dé, tí eruku ọjà ṣì wà lára aṣọ wọn, á ti fún ara wọn mọ́ orí bẹ́ǹṣì. Kí rẹfirí tó fọn fèrè, tẹlifíṣọ̀n á ya pápá kékeré kan, á sì to orúkọ mọ́kànlá sórí rẹ̀. Ibẹ̀ ni àríyànjiyàn ti máa ń bẹ́. “Ẹnì kan ṣoṣo ló fi síwájú kẹ̀! Ta ni yóò jẹ ayò?” “Ẹ̀gbọ́n, ẹ fara balẹ̀, àwọn ti ẹ̀gbẹ́ máa wọlé.” Eré á bẹ̀rẹ̀, kò sì ní pẹ́ rárá tí àwòrán tó wà lójú tẹlifíṣọ̀n náà kò fi ní bá ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lórí koríko mu mọ́. Ẹni tí wọ́n kọ sí apá ọ̀tún ti wà láàárín; ẹni tí wọ́n pè ní dìfẹ́ńdà ti wà lẹ́nu ilé ẹlòmíì. Ìtò bọ́ọ̀lù àfẹsẹ̀gbá kì í dúró kí a wò ó.

Ìdí mìíràn tún wà tí ìbú fi máa ń fo ojú wa. Ojú títì la ti kọ́ bọ́ọ̀lù. Mọ́ńkì póòsì tí àwọn ọmọ ń gbá ní àdúgbò wa láwọn ọjọ́ ìsinmi, láàárín gọ́tà méjì ni. Òkúta méjì níbí, òkúta méjì lọ́hùn-ún, bọ́ọ̀lù sì ti dé. Bí o bá sá lọ sí ẹ̀gbẹ́, inú gọ́tà lo máa bọ́ sí. Nítorí náà, ọmọ tó bá gba bọ́ọ̀lù níbẹ̀ ní láti kọjá lára ẹni tó dúró níwájú rẹ̀ gan-an, tàbí kó tì í fún ẹnìkejì rẹ̀ kó sì gbà á padà kíá. Ẹsẹ̀ àwọn ọmọ Èkó dùn nítorí èyí. Wọ́n lè yí bọ́ọ̀lù po nínú ibi tí kò tó ẹní. Ṣùgbọ́n bí a bá gbé irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lọ sí pápá tó fẹ̀, yóò ṣì máa wá àárín kiri, torí àárín nìkan ni ojú títì fi hàn án.

Èyí ló jẹ́ kí n fẹ́ràn láti wo bọ́ọ̀lù àwọn ará Amẹ́ríkà. Lọ́dọ̀ tiwọn, eré kì í ṣàn. Wọ́n á gbá a fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, wọ́n á dúró, wọ́n á tún tò. Ènìyàn mọ́kànlá ni ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, iye kan náà pẹ̀lú tiwa. Òfin sọ pé ó kéré tán, méje nínú àwọn tó ń kọlù gbọ́dọ̀ wà lórí ìlà tí bọ́ọ̀lù dúró sí. Márùn-ún tó wà láàárín àwọn méje yẹn, àwọn géńdé tó sígbọnlẹ̀, kò lẹ́tọ̀ọ́ láti gba bọ́ọ̀lù tí wọ́n bá jù síwájú. Iṣẹ́ tiwọn ni kí wọ́n ti ẹni tó ń bọ̀ sẹ́yìn. Ẹni tó ń darí ìkọlù, tí wọ́n ń pè ní quarterback, wà lẹ́yìn wọn. Bí wọ́n bá ti yí ipò padà, gbogbo wọn gbọ́dọ̀ dúró jẹ́ẹ́ fún odidi ìṣẹ́jú àáyá kan kí bọ́ọ̀lù tó gbéra. Láàárín ìwọ̀nba àkókò yẹn, gbogbo èrò ọkàn akọ́nimọ̀ọ́gbá wà nílẹ̀ gbalaja. Ẹni tó bá lójú á rí i.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú èyí tó tẹ́ẹ́rẹ́ nínú ìtò wọn. Lẹ́tà I ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ. Quarterback dúró mọ́ ẹ̀yìn ẹni tó máa ti bọ́ọ̀lù bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Bíi mítà mẹ́rin sí ìlà ni fullback wà, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ díẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ni ẹni tó máa gbé bọ́ọ̀lù sá wà. Àwọn mẹ́ta yìí tò tẹ̀lé ara wọn gbọọrọ, láìyà sọ́tùn-ún, láìyà sósì. Alábàárù tó bá gbé apẹ̀rẹ̀ tòmátì lórí ní Mile 12 lówùúrọ̀ mọ bí èyí ṣe rí. Ọjọ́ tí ọjà bá kún, kì í fúnra rẹ̀ la ọ̀nà. Ẹnì kan á wà níwájú rẹ̀ tó ń pariwo pé “Ẹ yà! Ẹ yà fẹ́rù!”, tó ń fi èjìká tì wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ̀yìn ẹni yẹn sì ni alábàárù ń wò. Kò wo ọ̀nà. Ẹ̀yìn ẹni tó ń la ọ̀nà fún un ló ń wò, ibi tí ẹ̀yìn náà bá yà sí lòun náà ń yà sí. Iṣẹ́ fullback gan-an nìyẹn. Ó sá wọ inú ihò ṣáájú, ó fi ara rẹ̀ kọ lu ẹni àkọ́kọ́ tó bá rí, ẹni tó gbé bọ́ọ̀lù sì gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá. Lọ́jọ́ kejì, orúkọ ẹni tó gbé bọ́ọ̀lù ni yóò wà nínú ìwé ìròyìn.

Irú iṣẹ́ yìí ni Ọbáfẹ́mi Àyánbádéjọ ṣe nínú ẹgbẹ́ Baltimore Ravens. Ọmọ Nàìjíríà ni bàbá rẹ̀, orúkọ àwọn onílù ló sì ń jẹ́ lọ́dọ̀ àwọn tí kò mọ àyàn yàtọ̀ sí bàtá. Fullback ni, ẹni tó ń ṣáájú. Ẹni tí gbogbo ayé mọ̀ nínú àwọn tiwa tó gbá bọ́ọ̀lù yìí ni Christian Okoye, ọmọ Enugu. Eré ìdárayá orí pápá ló gbé e lọ sí Azusa Pacific ní California. Díísíkì ló ń jù. Ibẹ̀ ló ti kọ́kọ́ di bọ́ọ̀lù wọn mú, ó sì ti dàgbà tó ọmọ ogún ọdún kọjá. Kansas City Chiefs mú un lọ́dún 1987. Lọ́dún 1989, yáàdì 1,480 ló gbé bọ́ọ̀lù sá, kò sì sí ẹni tó tó o nínú ìdíje NFL lọ́dún náà. Ìwọ̀n rẹ̀ sún mọ́ kílò 118. Fún irú ẹni bẹ́ẹ̀, ìtò tó tẹ́ẹ́rẹ́ kò léwu. Ẹ to ènìyàn sójú kan fún un, ẹ gbé bọ́ọ̀lù lé e lọ́wọ́, kí ó máa lọ. Bí àárín kún, yóò gba àárín náà kọjá.

Mo bọ̀wọ̀ fún ìtò yẹn. Ó mọ́, kò fi nǹkan kan pa mọ́. Ṣùgbọ́n ó ń bẹ̀bẹ̀ fún agbára, ọjọ́ tí agbára bá sì dọ́gba, kò ní ọ̀rọ̀ mìíràn lẹ́nu.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni ìtò tí wọ́n ń pè ní spread. Quarterback kò dúró mọ́ ìlà mọ́. Ó ti fà sẹ́yìn bíi mítà mẹ́rin sí márùn-ún, ipò tí Red Hickey, akọ́nimọ̀ọ́gbá San Francisco 49ers, sọ ní shotgun lọ́dún 1960. Sárésáré mẹ́ta tàbí mẹ́rin ti fọ́n ká pápá. Ọ̀kan fẹ́rẹ̀ẹ́ tẹ ìlà ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún, ọ̀kan fẹ́rẹ̀ẹ́ tẹ ti òsì. Kí ni àwọn tó ń ṣọ́ ẹ̀yìn fẹ́ ṣe? Wọn kò lè fi ẹnikẹ́ni sílẹ̀ lófo, nítorí bọ́ọ̀lù lè fò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Wọ́n ní láti tẹ̀ lé wọn lọ sí etí pápá. Bí wọ́n bá sì ti lọ tán, ẹ ka àwọn tó kù láàárín. Mẹ́fà péré lè kù níbi tí mẹ́jọ ti wà tẹ́lẹ̀. Quarterback á kà wọ́n kí bọ́ọ̀lù tó gbéra. Bí àárín bá fẹ́lẹ́, ó gbé e fún ẹni tó ń sá. Bí wọ́n bá kọ̀ tí wọn kò kúrò láàárín, ó jù ú sí ẹ̀gbẹ́.

Nínú ìtò yìí ni iṣẹ́ ọwọ́ kan wà tí mo lè wò títí ilẹ̀ á fi ṣú. Akọ́nimọ̀ọ́gbá Rich Rodriguez ló sọ ọ́ di ohun ńlá ní kọ́lẹ́ẹ̀jì Glenville State láwọn ọdún 1990. Àwọn géńdé márùn-ún tó wà lórí ìlà mọ̀ọ́mọ̀ fi ọ̀tá kan sílẹ̀ láìfọwọ́ kàn án, ẹni tó wà ní ìpẹ̀kun. Ó dúró sílẹ̀, kò sẹ́ni tó tì í. Quarterback gba bọ́ọ̀lù, ó nà án síkùn ẹni tó ń sá, kò sì tíì jọ̀wọ́ rẹ̀. Ọwọ́ àwọn méjèèjì wà lára bọ́ọ̀lù kan. Wọ́n jọ rìn bíi ìṣísẹ̀ kan sí méjì báyìí. Ojú quarterback kò sí lára bọ́ọ̀lù, kò sí lára ẹni tó ń sá. Ara ẹni tí wọ́n fi sílẹ̀ yẹn ló wà, ní èjìká rẹ̀. Bí èjìká bá yí wọ àárín láti lé ẹni tó ń sá, quarterback á fa bọ́ọ̀lù yọ, á sì gba ibi tí onítọ̀hún ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò kọjá. Bí èjìká bá dúró, yóò jọ̀wọ́ bọ́ọ̀lù, ẹni tó ń sá á sì bá àárín lọ. Ohunkóhun tí ẹni yẹn bá ṣe, ó ti ṣìṣe. Ẹni tí kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án ni wọ́n fi ìbéèrè so mọ́lẹ̀.

Ẹ wá gbé ìbéèrè yẹn bọ́ sórí koríko tiwa. Finidi George, wíńgà Nàìjíríà, gba bọ́ọ̀lù létí ìlà lápá ọ̀tún. Austin Eguavoen, dìfẹ́ńdà ẹ̀yìn rẹ̀, ti gbéra, ó ń sá bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀ lọ síta. Ẹnì kan ṣoṣo ló dúró níwájú àwọn méjèèjì. Bí ó bá fo mọ́ Finidi, bọ́ọ̀lù ti lọ fún Eguavoen. Bí ó bá tẹ̀ lé Eguavoen, Finidi á wọlé. Ojú Finidi kò sí nílẹ̀. Ó wà lára ìbàdí ẹni yẹn. Kò sí akọ́nimọ̀ọ́gbá tó lè pariwo ìdáhùn fún un láti ẹ̀gbẹ́ pápá, kò sì sí ìṣẹ́jú àáyá tí gbogbo ènìyàn dúró jẹ́ẹ́. Ó ń kà á lójú eré. Èyí ni mo fi gbà pé iṣẹ́ tiwa ló le jù nínú méjèèjì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé tiwọn la fi lè kọ́ ojú wa.

Òfin ló bí ìtò, níbi gbogbo. Ọdún 1906 ni àwọn ará Amẹ́ríkà gbà kí wọ́n máa ju bọ́ọ̀lù síwájú. Kó tó di ìgbà náà, fífi agbára ti ara ẹni láàárín ló pọ̀ jù. Lọ́dọ̀ tiwa, ọdún 1925 ni wọ́n dín òfin ọ́fúsáìdì kù láti orí ọ̀tá mẹ́ta sí méjì, Herbert Chapman ní Arsenal sì fa ẹnì kan láti àárín sẹ́yìn láti fi dí ihò tó ṣí. Nígbà tí àwọn agbábọ́ọ̀lù Nàìjíríà wọkọ̀ ojú omi lọ sí England lọ́dún 1949, tí púpọ̀ nínú wọn kò wọ bàtà gbá bọ́ọ̀lù, ènìyàn márùn-ún ni wọ́n ṣì máa ń kọ síwájú. Teslim Balogun, ọmọ Èkó tí pápá Surulere ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ lónìí, wà nínú wọn. Márùn-ún níwájú! Nínú márùn-ún yẹn, méjì ló jẹ́ ti etí ìlà, wọ́n sì ṣì wà níbẹ̀ nígbà tí a kọ́kọ́ gba ife ẹ̀yẹ Áfíríkà.

Ọjọ́ 22 oṣù Kẹta ọdún 1980 nìyẹn, ní pápá ìṣeré ńlá ní Surulere. Otto Glória, ará Brazil, ni akọ́nimọ̀ọ́gbá. Ṣẹ́gun Ọ̀dẹ́gbàmí wà lápá ọ̀tún, Adokie Amiesimaka wà lápá òsì. Algeria gba mẹ́ta sílé: Ọ̀dẹ́gbàmí jẹ méjì, Múdà Lawal ọmọ Abẹ́òkúta jẹ ẹ̀kẹta. Àìmọye ènìyàn ni kò fojú rí i. Rédíò ni wọ́n fi gbọ́ ọ. Ernest Okonkwo ló sì fi ohùn rẹ̀ fún Ọ̀dẹ́gbàmí ní orúkọ Mathematical lórí afẹ́fẹ́. Ọ̀dẹ́gbàmí ga, ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn, ó sì mọ ìgbà tó yẹ kó fi etí ìlà sílẹ̀ wọlé. Ẹni tó jẹ ayò méjì nínú àṣekágbá, wíńgà ni. Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ ni pé ẹni tó bá kọ́kọ́ fẹ pápá ló máa ń rí àyè wọlé nígbà tí wọ́n bá ti gbàgbé rẹ̀.

Àmọ́ bí ẹ bá ní kí n mú ìtò ìkọlù kan ṣoṣo láti ìgbà tí Nàìjíríà ti ń gbá bọ́ọ̀lù, ti ọdún 1994 ni mo máa mú, láìronú lẹ́ẹ̀mejì. Clemens Westerhof, ará Netherlands, ló tò ó. Ọjọ́ 21 oṣù Kẹfà, ní pápá Cotton Bowl nílùú Dallas, ilé bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà mìíràn. Peter Rufai ń ṣọ́ ilé. Eguavoen, Nwanu, Okechukwu àti Iroha wà lẹ́yìn. Oliseh àti Siasia di àárín mú. Finidi wà létí ìlà lọ́tùn-ún, Emmanuel Amunike wà létí ìlà lósì, Daniel Amokachi àti Rashidi Yekini wà níwájú. Lórí ìwé, 4-4-2 ni. Lójú mi, ènìyàn mẹ́rin ló ń kọlù lọ́nà mẹ́rin, méjì nínú wọn sì jìnnà síra wọn tó bí pápá ṣe fẹ̀ tó.

Ẹ wo ayò àkọ́kọ́ dáadáa, èyí tó jẹ́ ayò àkọ́kọ́ tí Nàìjíríà jẹ nínú ife ẹ̀yẹ àgbáyé. Ojú gbogbo ayé wà lára Yekini, bó ṣe ki ọwọ́ méjèèjì bọ inú àwọ̀n tó sì ń ké. Èmi máa ń ní kí àwọn ènìyàn yí eré padà sẹ́yìn díẹ̀. Finidi ti wà lẹ́yìn àwọn dìfẹ́ńdà Bulgaria lápá ọ̀tún. Ó ti ṣẹlẹ̀ tán níbẹ̀. Nígbà tí wíńgà bá ti bọ́ sẹ́yìn wọn, gbogbo dìfẹ́ńdà gbọ́dọ̀ yí ojú padà sí ilé ara wọn. Ẹni tó bá ń sá lọ sí ilé ara rẹ̀ kò lè rí bọ́ọ̀lù kó tún rí Yekini lẹ́ẹ̀kan náà. Finidi kò gbé bọ́ọ̀lù sókè. Ó tì í nílẹ̀, ó gba iwájú ilé kọjá, níbi tí aṣọ́lé kò lè dé, tí dìfẹ́ńdà kò sì gbọdọ̀ fi ẹsẹ̀ kàn kó má baà gbá a sílé ara rẹ̀. Yekini ní láti wà níbẹ̀, ó sì wà níbẹ̀. Ẹni tó ń jẹ ayò láti ìgbà Shooting Stars nílùú Ìbàdàn mọ ibi tí bọ́ọ̀lù ń bọ̀ kí ó tó dé. Ayò 37 ló jẹ fún Nàìjíríà. Kò tíì sí èyí tó rọrùn tó èyí lójú, àwọn tó mú kó rọrùn sì pọ̀.

Amokachi fi kún un. Ẹ̀kẹta wá láti orí Amunike, wíńgà òsì, tó fi ara rẹ̀ lélẹ̀ láti fi orí kàn án. Kí ni wíńgà òsì ń wá níwájú ilé? Nígbà tí ìkọlù bá wà lọ́tùn-ún, àwọn dìfẹ́ńdà á rọ́ lọ sọ́tùn-ún, ẹni tó wà létí ìlà òsì á sì di ẹni tí kò sẹ́ni tó rántí. Oṣù méjì ṣáájú, lọ́jọ́ 10 oṣù Kẹrin ní Tunis, ẹni yìí kan náà ló jẹ ayò méjèèjì tí a fi lu Zambia gba ife ẹ̀yẹ Áfíríkà.

Ohun kan wà nínú ìtò yẹn tí a kò sábà rí mọ́. Ẹsẹ̀ ọ̀tún ni Finidi ń lò, apá ọ̀tún ló sì wà. Ẹsẹ̀ òsì ni Amunike ń lò, apá òsì ló sì wà. Ẹsẹ̀ tó bá apá mu yìí máa ń fa ènìyàn síta, lọ sí ìgun pápá. Lónìí, àwọn akọ́nimọ̀ọ́gbá ti yí i po: ẹlẹ́sẹ̀ òsì bí Samuel Chukwueze lọ sọ́tùn-ún, ẹlẹ́sẹ̀ ọ̀tún bí Moses Simon àti Ademola Lookman lọ sósì, kí wọ́n lè gé wọ àárín kí wọ́n sì gbá a sílé. Ó dára lójú. Ó sì ti fún wa ní ayò tó rẹwà. Ṣùgbọ́n bí wíńgà méjèèjì bá ń gé wọlé, wọ́n ń kó dìfẹ́ńdà bọ̀ sí àárín pẹ̀lú ara wọn ni. Ẹlòmíì gbọ́dọ̀ jáde lọ dúró síbi tí wọ́n ti kúrò. Bí kò bá sí ẹni bẹ́ẹ̀, gbogbo wa ti padà sí ojú títì, sáàárín gọ́tà méjì.

Ọjọ́ 5 oṣù Keje ọdún 1994 fi èyí hàn wá, ní Foxboro, níbi tí New England Patriots ti ń gbá bọ́ọ̀lù tiwọn. Amunike jẹ ayò kan sí ilé Italy kí ìdajì àkọ́kọ́ tó parí. Nígbà tó yá, Amunike kúrò lórí pápá, ìtò wa sì bẹ̀rẹ̀ sí í sún sẹ́yìn, ó ń sún wọ àárín. Rẹfirí lé Gianfranco Zola jáde, Italy ku mẹ́wàá, síbẹ̀ a kò tún fẹ pápá náà mọ́. Lójú ẹni tó ní ènìyàn mẹ́wàá, pápá tó fẹ̀ ni ìyà tó le jù. A kò fi í jẹ wọ́n. Roberto Baggio dá a padà ní ìṣẹ́jú 88, ó sì fi pẹnárítì parí rẹ̀ ní àfikún àkókò. Ó ṣì ń dùn mí.

Ti Athens lọ́dún 1996 yàtọ̀. Bonfrère Jo ló wà nídìí rẹ̀ nígbà náà, Brazil sì ti jẹ mẹ́ta sí ọ̀kan kí wọ́n tó lọ sinmi. Ayò ìkẹyìn tí Kanu Nwankwo jẹ kí àádọ́rùn-ún ìṣẹ́jú tó pé kì í ṣe ti ìtò rárá. Okocha ju bọ́ọ̀lù wọlé láti ẹ̀gbẹ́, gbogbo ènìyàn ti rọ́ síwájú ilé, Kanu sì kẹ̀yìn sí ilé náà, aṣọ́lé Dida ti wà lára rẹ̀. Ó fi ẹsẹ̀ hú bọ́ọ̀lù sókè díẹ̀, ó yí ara padà, ó sì rọra tì í wọlé. Mọ́ńkì póòsì ni. Ìṣẹ́jú mẹ́rin lẹ́yìn ìyẹn, nínú àfikún àkókò, ó jẹ ẹ̀kẹrin, eré sì parí lójú ẹsẹ̀ gẹ́gẹ́ bí òfin ìgbà náà. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà, mi ò sì ní sọ pé ìbú nìkan ló ń jẹ ayò. Kanu fúnra rẹ̀ àti Finidi ti jọ gba ife àwọn àgbà ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Yúróòpù pẹ̀lú Ajax ní Vienna lọ́dún 1995, nínú 3-4-3 ti Louis van Gaal. Finidi dúró létí ìlà ọ̀tún, Marc Overmars dúró létí ìlà òsì, àárín sì wà fún àwọn tí ẹsẹ̀ wọn dùn.

3-4-3 kan náà ni nọ́ńbà tí José Peseiro gbé wá nígbà tí ìdíje ife ẹ̀yẹ Áfíríkà wáyé ní Ivory Coast ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2024. Lẹ́yìn tí àwa àti Equatorial Guinea jọ gba ọ̀kan-ọ̀kan, ó fi ẹnì kan kún ẹ̀yìn, ó sì fi Victor Osimhen, Lookman àti Simon síwájú. Ẹ̀yìn wa le bí àpáta. Ayò Lookman mẹ́ta, méjì sí ilé Cameroon àti ọ̀kan sí ilé Angola, gbé wa kọjá. Àmọ́ nọ́ńbà kan náà ni pẹ̀lú ti Ajax, ìtò kan náà kọ́. Ọlá Aina tó yẹ kó wà létí ìlà lọ́tùn-ún àti ẹnìkejì rẹ̀ lósì, ẹ̀yìn ni wọ́n máa ń wà jù, tí ẹ̀yìn fi di márùn-ún. Osimhen ń bá dìfẹ́ńdà méjì-mẹ́ta fà á láàárín tó kún, ó ń sá, ó ń fò, kò sẹ́ni tó bá a fa ẹnì kankan kúrò níbẹ̀. Lọ́jọ́ àṣekágbá, ọjọ́ 11 oṣù Kejì, a kọ́kọ́ jẹ. Ivory Coast ní Simon Adingra, wíńgà tó tẹ ìlà òsì pa tí kò kúrò níbẹ̀. Òun ló gbá kọ́nà tí Kessié fi orí kàn wọlé. Òun náà ló tún gba ẹ̀gbẹ́ Aina kọjá ní ìṣẹ́jú 81, tó ti bọ́ọ̀lù wọ iwájú ilé, Haller sì na ẹsẹ̀ kàn án.

Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn ìyẹn, lọ́jọ́ 22 oṣù Karùn-ún ní Dublin, Lookman jẹ ayò mẹ́ta fún Atalanta sí ilé Bayer Leverkusen, nínú ìtò ẹlẹ́yìn mẹ́ta ti Gian Piero Gasperini. Ẹ̀kejì àti ẹ̀kẹta ni wọ́n máa ń fi hàn lórí tẹlifíṣọ̀n, wọ́n sì rẹwà lóòótọ́. Èmi fẹ́ràn àkọ́kọ́. Davide Zappacosta, ẹni etí ìlà ọ̀tún, ti wọ ẹ̀yìn wọn. Ó ti bọ́ọ̀lù nílẹ̀ kọjá wọ iwájú ilé. Gbogbo ojú lọ síbẹ̀. Lookman yọ láti ẹ̀yìn ẹni tó ń ṣọ́ ọ, ó sì gbá a wọlé. Ọmọ wa kan náà, nọ́ńbà tó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọ̀kan náà, ọdún kan náà. Lọ́dọ̀ wọn, ẹni tó wà létí ìlà ní àṣẹ láti lọ. Ẹni tó bá fẹ́ to Super Eagles lọ́jọ́ iwájú, èmi kò ní bi í léèrè iye ẹni tó fẹ́ fi síwájú. Ẹni méjì tó fẹ́ fi sí etí ìlà ni màá bi í, àti bóyá ó máa fi wọ́n sílẹ̀ síbẹ̀ nígbà tí a bá ti jẹ ayò kan.